Akẹ́kọ̀ọ́ òkè òkun ń wá igbó àti àpáta ilẹ̀ Yorùbá wò: Ibo ni Ìrè-Èkìtì wà nínú ọ̀rọ̀ náà?

Bí oṣù kẹfà ọdún bá ti wọlé tí àwọn yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì ti gba ìsinmi, kì í ṣe gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ wọn ló ń lọ sinmi nílé. Àwọn kan á gba Costa Rica lọ, àwọn kan á gba Gánà lọ, àwọn díẹ̀ á sì forí lé ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n bá lọ, ṣùgbọ́n apá kan ẹ̀kọ́ ọ̀hún kì í wáyé nínú kíláàsì. Lópin ọ̀sẹ̀, wọn á wọ bàtà tó nípọn, wọn á gbé ìgò omi dání, wọn á sì tẹ̀ lé olùkọ́ àti afinimọ̀nà lọ sórí òkè tàbí sínú igbó. Ẹni tó bá pàdé wọn lọ́nà lè sọ pé fàájì lásán ni. Fàájì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá padà dé, wọn á kọ ohun tí ojú wọn rí sílẹ̀, olùkọ́ á sì fún wọn ní máàkì lé e lórí.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni owó ètò Fulbright-Hays ti ìjọba Amẹ́ríkà fi ń gbé irú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ wá sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ní Ilé-Ifẹ̀, láti wá kọ́ èdè Yorùbá. Ibùdó tí wọ́n ti ń kọ́ èdè Yorùbá ní Yunifásítì Ìbàdàn náà gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ètò Flagship lálejò. Olùkọ́ èdè kò lè fi ẹnu lásán ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹgàn, igbó àti ọ̀dàn fún ẹni tí kò fojú rí ọ̀kankan rí. Bí ọmọ náà bá dúró lábẹ́ ìrókò, tó wo òkè títí tí ọrùn rẹ̀ fi ń dùn ún, kò tún ní béèrè ìdí tí àwọn àgbà fi ń bẹ̀rù igi náà mọ́.

Bí wọ́n bá ń dárúkọ ibi tó yẹ ní wíwò, a kì í fo Òkè Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni àlejò máa gùn kó tó dé ìlú àtijọ́, níbi tí ààfin Ọwá wà kí àwọn ará ìlú tó sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ òkè. Láti ọdún 2007 ni òkè náà ti wà lára ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún ìní àgbáyé. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ti gba ipò yẹn ní tirẹ̀ ní ọdún 2005. Omi Olúmirin tún wà ní Ẹ̀rín-Ìjẹ̀ṣà, tó ń já bọ́ láti ìpele dé ìpele lórí àpáta.

Ti Ìkógosì-Èkìtì fẹ́ àlàyé díẹ̀. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti omi tútù ló ń sun níbẹ̀, tí àwọn méjèèjì sì wá pàdé. Ọ̀pọ̀ ìwé ìpolówó máa ń sọ pé ooru omi náà ní orísun rẹ̀ tó ìwọ̀n 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ rí nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n sún mọ́ 37 tàbí 38, ìyẹn bí ara ènìyàn ṣe ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kì í ṣe òkè oníná ló ń sè é. Omi òjò ló ń gba inú àpáta tó sán wọlẹ̀ lọ jìnnà, tí ooru inú ilẹ̀ ń mú un gbóná, kó tó tún padà sókè. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mú òṣùwọ̀n ooru lọ síbẹ̀ á fúnra rẹ̀ rí i pé ìwé ìpolówó àti omi kì í sọ ọ̀rọ̀ kan náà.

Nínú gbogbo ibi tí a dárúkọ wọ̀nyí, Ìrè-Èkìtì kò sí níbẹ̀. Ìlú náà wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọyẹ́, ní àríwá Èkìtì, níbi tí igbó ti ń fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀dàn díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀, orúkọ rẹ̀ ti sọdá òkun láti ìgbà òwò ẹrú. Ní Bahia, ní orílẹ̀-èdè Brazil, àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé ń pe Ògún kan ní Ogum Onirê. Ògún Onírè ni wọ́n ń wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wọn kò ní fojú kan Ìrè láéláé. Ìlú tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pe òrìṣà lẹ́yìn òkun, kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó wá kọ́ nípa Yorùbá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìyà.

Ìtàn tó so Ògún mọ́ Ìrè yàtọ̀ díẹ̀ láti ẹnu kan sí èkejì, ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ kan náà ni. Ògún ti ojú ogun dé, òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó bá àwọn ènìyàn níbi àpéjọ kan tí ọ̀rọ̀ sísọ ti jẹ́ èèwọ̀. Kò sẹ́ni tó kí i, agbè ẹmu tó wà nílẹ̀ sì ṣófo. Ó rò pé wọ́n fi òun wọ́lẹ̀ ni, ó bá fa idà yọ. Ìgbà tí wọ́n wá ṣàlàyé àṣà náà fún un ni ara rẹ̀ tó balẹ̀. Àbámọ̀ dé, ó sì wọ ilẹ̀ lọ. Ojúbọ rẹ̀ wà ní Ìrè títí di òní.

Ẹni tó bá fẹ́ kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti inú ìtàn yìí gan-an, nítorí ọ̀rọ̀ ẹni tó wọ ìlú láì béèrè ohun tó ń lọ níbẹ̀ ni. Kí ọkọ̀ tó gbéra, olùkọ́ ní láti rán ẹnì kan lọ bá ọba àti àwọn àwòrò, kó sọ iye ènìyàn tó ń bọ̀ àti ohun tí wọ́n fẹ́ wò. Wọn á sọ ibi tí àlejò lè dé fún un, ibi tí kò lè dé, ìgbà tí wọ́n ń bọ bàtà, àti ibi tí wọn kò ti gbọdọ̀ ya fọ́tò. Ọmọ ogún ọdún tó gbé kámẹ́rà dání kò mọ̀ pé èèwọ̀ wà. Afinimọ̀nà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á ti sọ fún un nínú ọkọ̀, kì í ṣe ní ẹnu ọ̀nà ojúbọ.

Ilẹ̀ Ìrè fúnra rẹ̀ tún jẹ́ ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ olóoru. Àpáta líle tó wà lábẹ́ Èkìtì wà lára èyí tó ti pẹ́ jù lọ láyé. Níbi tí oòrùn ti ń mú, tí òjò sì ń rọ̀ púpọ̀, àpáta bẹ́ẹ̀ á máa jẹrà fún àìmọye ọdún títí á fi di amọ̀. Irú amọ̀ bẹ́ẹ̀ ló mú kí wọ́n dá ilé iṣẹ́ bíríkì sílẹ̀ ní Ìrè kí Èkìtì tó di ìpínlẹ̀ ní ọdún 1996. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, akẹ́kọ̀ọ́ lè fọwọ́ kan àpáta, kó tẹ amọ̀, kó gbé bíríkì tí wọ́n fi iná sun, kó sì gbọ́ ìtàn òrìṣà irin. Yunifásítì tó ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀, nípa ẹ̀sìn àti nípa èdè kò rí irú ibẹ̀ lójoojúmọ́.

Ewu wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìgbà ìsinmi tiwọn ni ìgbà òjò tiwa. Omi Olúmirin máa ń kún dáadáa nígbà náà, ó sì máa ń dùn ún wò, ṣùgbọ́n orí àpáta a máa yọ̀, ọ̀nà oko á sì di ẹrẹ̀. Káàdì àjẹsára ibà apọ́njú, tí a mọ̀ sí yẹ́lò káàdì, ni àlejò ń mú wọ Nàìjíríà. Oògùn tó ń dènà ibà ẹ̀fọn ní láti bẹ̀rẹ̀ kí onítọ̀hún tó kúrò nílé, kó sì máa lò ó lọ lẹ́yìn tó bá padà. Ohun tí àlejò kì í sábà rò ni odò tó dákẹ́ rọ́rọ́. Inú irú omi bẹ́ẹ̀ ni ìgbín kéékèèké tó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá máa ń wà. Ó sàn kí wọ́n dúró létí rẹ̀ wò ó ju kí wọ́n bọ́ sínú rẹ̀ lọ wẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ààbò ló le jù. Ní ọjọ́ 29, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2024, àwọn agbébọn pa ọba aládé méjì lójú ọ̀nà ní àríwá Èkìtì. Ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n jí àwọn ọmọ ilé ìwé àti olùkọ́ wọn gbé nínú bọ́ọ̀sì ní Ẹ̀múrè-Èkìtì. Wọ́n padà tú àwọn ọmọ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n awakọ̀ wọn kò bá wọn wálé. Ṣáájú ìgbà náà pàápàá, ìjọba Amẹ́ríkà ti ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ pé kí wọ́n rò ó wò dáadáa kí wọ́n tó wá sí Nàìjíríà. Kò sí yunifásítì tí kì í ka irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó buwọ́ lu ìrìn-àjò ọmọ ọlọ́mọ. Ní ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà tún wọ́gi lé ìdíje owó Fulbright-Hays ti ọdún náà. Ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn tí àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá dá sílẹ̀ ní 2020 ń ṣọ́ igbó, èyí dára, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tó ní ọ̀gbun ni awakọ̀ ti ń dẹsẹ̀ dúró, ibẹ̀ sì ni àwọn olubi ń ba sí. Títún ọ̀nà ṣe wà lára ààbò.

Àwọn ibòmíràn kò dúró de àlejò kí wọ́n tó múra. Láti ọdún 1963 ni àwọn yunifásítì kan ti pawọ́ pọ̀ dá àjọ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ olóoru sílẹ̀ ní Costa Rica. Ní ibùdó wọn tó wà ní La Selva, wọ́n kọ́ àwọn ọmọ agbègbè náà ní iṣẹ́ afinimọ̀nà, èyí sì di oúnjẹ òòjọ́ fún wọn. Ní Kakum, ní Gánà, afárá olókùn tí wọ́n so mọ́ orí igi ti ń gba àlejò láti ọdún 1995. Ó ń mú owó wọlé láì gé igi.

Àwọn tó lè kọ́kọ́ jẹ àǹfààní Ìrè kò tilẹ̀ nílò ìwé ìrìnnà. Láti ọdún 2011 ni Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti wà ní Ọyẹ́-Èkìtì, tó sì ní ọgbà mìíràn ní Ìkọ̀lé. Ìrè kò jìnnà sí Ọyẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wọkọ̀ láàárọ̀ lè lọ sí ojúbọ Ògún, kó dé ibi amọ̀, kó sì padà sí kíláàsì ọ̀sán, láì tíì ná owó tó tó ti oúnjẹ ọjọ́ kan.