Ẹ Má Tíì Ta Kẹ̀kẹ́ Ológeere Yín Àtijọ́

Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, pàápàá irú èyí tí táyà rẹ̀ fẹ̀ tó sì ní kókó, tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà olókè àti olókùúta.

Bọ̀dá mi ló kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́ tí mò ń gùn nílé wa ní Jos, kí wọ́n tó lọ sí yunifásítì. Tòkunbọ̀ ni. Lọ́jọ́ kan nínú ọlidé, mo gbé àbúrò mi sẹ́yìn, a ń sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Mo tẹ bíréèkì, kò mú. Wáyà rẹ̀ ti já. A ṣubú, àbúrò mi sì fi àgbọ̀n gbálẹ̀. Ojú mẹ́ta ni wọ́n rán níbẹ̀.

Mọ́mì ní kí wọ́n ta kẹ̀kẹ́ náà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Dádì ní àwọn á ra tuntun tí owó bá wà. Èmi dákẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀bi kẹ̀kẹ́ kọ́. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń rí i pé wáyà yẹn ń tú ní fọ́nrán-fọ́nrán, mi ò sì sọ fún ẹnì kankan. Nígbà tó yá, mo sọ fún Dádì. Wọ́n bá mi wí dáadáa, wọ́n sì mú mi lọ sọ́dọ̀ Máláàmù kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ èyí tó pọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ṣé ẹ mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ni ìyá kẹ̀kẹ́ orí òkè? Láàárín ọdún 1970 sí 1979, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Marin County, ní Kalifọ́níà ilẹ̀ Amẹ́ríkà, máa ń gun ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ Schwinn sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Gary Fisher fi géà sí tirẹ̀. Ní 1976, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje kan tí wọ́n pè ní Repack, nítorí pé bíréèkì ẹ̀yìn máa ń gbóná débi pé gíríìsì inú rẹ̀ á jó tán, wọ́n á sì ní láti kó òmíràn sí i. Ọdún 1977 ni Joe Breeze tó ṣe férémù tuntun fún irú eré bẹ́ẹ̀.

Ó dáa, báwo la ṣe ń tọ́jú rẹ̀?

Èkíní, férémù. Òun ni egungun kẹ̀kẹ́. Ẹ nù ún, kí ẹ wo gbogbo oríkèé rẹ̀. Tó bá ti sán, ẹ má gùn ún mọ́ o. Tí férémù bá le, àwọn nǹkan yòókù ṣeé pààrọ̀.

Èkejì, bíréèkì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó gun kẹ̀kẹ́. Tí wáyà bá ti ń tú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà tó wọ̀ ọ́ lára. Ẹ wo rọ́bà tó ń di rììmù mú náà. Tó bá ti jẹ tán, irin á máa ha irin.

Ẹ̀kẹta, ṣéènì. Eruku ọyẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ fi àkísà àti kẹrosíìnì díẹ̀ nù ún, kó gbẹ, kí ẹ kán ọ́ìlì sí oríkèé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá nu ara rẹ̀ lóde, torí ọ́ìlì tó bá kù síta ló ń kó eruku jọ. Rúlà ilé ìwé wa wúlò níbí. Ẹ fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí àárín ìṣó ṣéènì kan. Tí ṣéènì bá ṣì dáa, ìṣó kan á bọ́ sórí ínṣì 12 gẹ́lẹ́. Tó bá fi 1/16 ínṣì lé, ẹ pààrọ̀ ṣéènì. Tí ẹ bá dúró títí tó fi di 1/8, ó ṣeé ṣe kó ti jẹ eyín fíríwíìlì, owó méjì nìyẹn.

Ẹ̀kẹrin, táyà. Púpọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ orí òkè àtijọ́ ló ń lo táyà 26, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 27.5 àti 29 ló pọ̀ lára àwọn tuntun. Ẹ ka ohun tó wà lára rẹ̀ kí ẹ tó rà. 26 x 2.10 kò lè wọ rììmù 26 x 1 3/8, bí wọ́n tilẹ̀ ń jẹ́ 26 méjèèjì.

Tí ẹ bá fẹ́ kó dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ fi bíréèkì ṣíwájú, kí táyà tẹ̀ lé e, kí ọ̀dà àti ẹwà kẹ́yìn. Tí ẹ bá fẹ́ gbé bíréèkì irú V sí i, ẹ ra ọwọ́ bíréèkì tó bá a mu, torí ó máa ń fa wáyà gùn ju ti àtijọ́ lọ.

Wáyà méjì, rọ́bà bíréèkì mẹ́rin àti ṣéènì kan la rà. Dádì ní owó rẹ̀ kò tó ìdámẹ́rin owó kẹ̀kẹ́ tuntun. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: tí wọ́n bá ra tuntun fún mi, tí mi ò sì wo wáyà rẹ̀, ṣé kò ní já bákan náà?

Nígbà tí a tún un ṣe tán, mo ní kí àbúrò mi wá gùn ún. Ó kọ̀. Ó ní kí n kọ́kọ́ tẹ bíréèkì kí òun rí i. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbà. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ la sì ti gùn ún o, mi ò gbé èèyàn sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè mọ́. Iná èsìsì kì í jóni lẹ́ẹ̀mejì.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ máa wo kẹ̀kẹ́ yín o. Ó dàbọ̀.