Ó Ṣubú, Ó sì Gba Wúrà

Nínú gbogbo eré ìje, eré oníìdènà ti 3,000 mítà ló wù mí jù. Ìdènà 28 àti kòtò olómi 7 ni sárésáré gbọ́dọ̀ fò, igi ìdènà rẹ̀ kì í sì í wó bí ẹsẹ̀ bá kọ ọ́.

Ní ìdíje àgbáyé ti Tokyo ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, Geordie Beamish, ọmọ New Zealand, ṣubú ní ìpele àkọ́kọ́, bàtà sárésáré mìíràn sì balẹ̀ sí i lójú. Ó dìde, ó sì yege. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, ní àṣekágbá, ó lé Soufiane El Bakkali ará Mòrókò bá ní bèbè òpin. Ìṣẹ́jú 8 àti ìṣẹ́jú-àáyá 33.88 ló lò. El Bakkali lo 33.95.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ẹ má tíì bi í léèrè ohun tó gbé e ṣubú. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ dìde. Àkókò ń bẹ fún wíwo ẹ̀yìn.