"Atọ́ka mi dà?" Gúgúrú ìgbà èwe tú àṣírí láàárín ọ̀rẹ́ mẹ́ta ní Mushin

Bí àwọn àgbà bá jókòó, tí gúgúrú àti ẹ̀pà wà nílẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ kì í jìnnà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday kan ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní Mushin, l'Ékòó, níbi tí ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí wọ́n jọ ṣe kékeré ti máa ń pàdé: télọ̀ fúnra ẹ̀, dírẹ́bà kan àti tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì.

Orí àpàlà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Tíṣà ní kò sẹ́ni tó dà bíi Haruna Ìṣọ̀lá, ẹni tó dá iléeṣẹ́ Phonodisk tó ń tẹ rẹ́kọ́ọ̀dù sílẹ̀ n'Íjẹ̀bú-Igbó lọ́dún 1979. Dírẹ́bà ní irọ́ ni, pé Àyìnlá Ọmọwúrà lòun mọ̀, àti pé lọ́jọ́ tí wọ́n pa á l'Abẹ́òkúta lóṣù karùn-ún ọdún 1980, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun òun.

Télọ̀ ní kí wọ́n jẹ́ káwọn rántí nǹkan tó dùn. Ló bá ń kà wọ́n sílẹ̀: bàbá dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ eyín, èékánná Gowon tó le bí òkúta, kòkòrò, àádùn, róbó. Ẹ̀rín sọ. Àfi bí dírẹ́bà ṣe dákẹ́ lójijì.

"Télọ̀, o ṣì jẹ mí ní gbèsè. Atọ́ka mi dà?"

Ẹni tó bá dàgbà láwọn ọdún 1970 mọ Atọ́ka. Fọ́tò àwọn òṣèré tíátà bíi Oyin Adéjọbí ni wọ́n fi ń sọ ìtàn látìbẹ̀rẹ̀ dópin, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Yorùbá tó já gaara. Ẹ̀dà kan ṣoṣo lè kárí gbogbo àdúgbò.

Ẹ̀gbọ́n dírẹ́bà ló ni èyí tó yá télọ̀. "Pírámárì mẹ́ta ni mo ti fi iléèwé sílẹ̀. Atọ́ka yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń kọ́ mi ní ìwé kíkà. Nígbà tó sọnù, ó bínú, kò kọ́ mi mọ́. Títí tó fi kú, a ò parí ẹ̀."

Ohun tí gbogbo wọn mọ̀ ni pé ìyá télọ̀ tó ń ta gúgúrú ló ṣèèṣì fà á ya. Télọ̀ tẹrí ba.

"Kì í ṣe èèṣì. Màmá bi mí bóyá ìwé náà wúlò. Mo ní kò wúlò, torí wọ́n ní àwọn á bu gúgúrú fún mi bí mo bá rí bébà wá."

Kẹ́kẹ́ pa. Dírẹ́bà dìde, ó mú fìlà. Wọ́n rò pé ó ń lọ ni. Àṣé ọmọ-ọmọ ẹ̀ tó ń ṣeré níta ló fẹ́ pè. Ó na ìwé ìròyìn Yorùbá tí wọ́n fi di ẹ̀pà sí i. "Ka èyí fún mi."

Ọmọ náà wò ó títí. "Bàbá, Òyìnbó nìkan ni mo lè kà."

Dírẹ́bà yíjú sí télọ̀. "Gbèsè tí wàá san rèé. Gbogbo Sunday ló máa wá síbí. Tíṣà á máa kọ́ ọ, ìwọ lo máa ra gúgúrú."

Tíṣà ní òun gbà, bí dírẹ́bà bá lè gbà pé Haruna ju Àyìnlá lọ. Dírẹ́bà ní ìyẹn ò lè ṣẹlẹ̀ láéláé, ṣùgbọ́n kó bẹ̀rẹ̀ ná.

Ìwé ìròyìn tí òróró ẹ̀pà ti yí yẹn náà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.