Òfin Omi àti Òfin Ààlà: Ìgbé Ayé ní Assamaka, Ìlú Ẹnu Ibodè ní Aṣálẹ̀ Sàhárà

Ọ̀tọ̀ ni ààlà, ọ̀tọ̀ ni ibodè nínú èdè Yorùbá. Ààlà ni ohun tí ó pín oko lágbájá sí ti làmọ̀rín. Pèrègún ni àwọn àgbà máa ń gbìn sí i, kí ọmọ tí a kò tí ì bí lè mọ ibi tí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ dé. Ibodè, ní tirẹ̀, ni ẹnu ọ̀nà ìlú, níbi tí oníbodè máa ń jókòó sí láti gba owó lọ́wọ́ èrò àti láti bi àlejò léèrè ibi tí ó ti ń bọ̀. Iṣẹ́ ààlà ni láti pín ènìyàn níyà. Iṣẹ́ ibodè ni láti jẹ́ kí wọ́n kọjá. Ìlú kékeré kan wà nínú aṣálẹ̀ Sàhárà tí kò ní pèrègún, tí kò sì ní odi, síbẹ̀ tí ó jẹ́ pé ohun méjèèjì yìí ni ó fi ń jẹun, àwọn náà ni ó sì fi ń jìyà. Assamaka ni orúkọ rẹ̀.

Ibi tí ìlú náà wà

Orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r ni ó ni Assamaka. Ó wà ní ẹkùn Agadez, ní ìhà àríwá, níbi tí ilẹ̀ Nìjẹ̀r ti fara kan ilẹ̀ Àlgéríà. Ìlú In Guezzam ni ó dojú kọ ọ́ láti òdì kejì ààlà. Ní ìhà gúúsù, Arlit, ìlú àwọn awakùsà yuréníọ̀mù, ni ìlú ńlá tí ó súnmọ́ ọn jù lọ. Síbẹ̀ nǹkan bí 200 kìlómítà ni ó wà láàárín wọn, kìkì yanrìn àti òkúta. Àwọn onílé tí ó wà ní Assamaka kò ju nǹkan bí 1,500 lọ, iye tí ilé-ẹ̀kọ́ girama ńlá kan lè ní ní ilẹ̀ Yorùbá.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé ìlú yìí kò kan ilẹ̀ Yorùbá rárá. Ọ̀nà ńlá kan wà tí ó bẹ̀rẹ̀ láti Èkó, tí ó gba Ìbàdàn àti Ìlọrin kọjá lọ sí Kánò, tí ó ti ibẹ̀ dé Zinder, Agadez àti Arlit, tí ó sì la aṣálẹ̀ já títí dé Algiers ní etí òkun àríwá. Gígùn rẹ̀ lé ní 4,500 kìlómítà. Ẹnu ọ̀nà yìí gan-an ni Assamaka wà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí wọ́n ti da ọ̀dà sí apá tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀nà náà, yanrìn lásán ni apá tí ó wà láàárín Arlit àti Assamaka, tí awakọ̀ kò ní ohun mìíràn láti tọ̀ ju ipa táyà àwọn tí ó ti kọjá ṣáájú rẹ̀ lọ.

Ojú ọjọ́ àti omi

Gbalasa ni ilẹ̀ ibẹ̀. Kò sí igbó, kò sí òkè tí ó lè dá afẹ́fẹ́ dúró. Gbogbo òjò tí ó ń rọ̀ ní odindi ọdún kò tó 100 mìlímítà, nígbà tí ti Ìbàdàn máa ń lé ní 1,200. Ní àkókò ooru, ìwọ̀n ooru máa ń kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní ẹ̀wẹ̀, òtútù òru máa ń mú kí àgbàlagbà fi kúbùsù bo ara. Afẹ́fẹ́ tí ó ń fẹ́ láti aṣálẹ̀ yìí ni ó ń dé ilẹ̀ Yorùbá tí a ń pè ní ọyẹ́. Ètè gbígbẹ àti eruku orí tábìlì ni ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ ọ́n sí, fún oṣù díẹ̀ lọ́dún. Ṣùgbọ́n ní Assamaka, ilé rẹ̀ ni ó wà, àlejò sì ni ènìyàn jẹ́ níwájú rẹ̀. Bí ó bá ru, ọ̀sán a di alẹ́, ilé kan kò sì ní rí èkejì.

Nítorí èyí, omi ni ó ń ṣètò ọjọ́ fún àwọn ará ìlú náà. Láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń fà á. Omi tí wọ́n fi fọ nǹkan kì í ṣòfò. Bí kò bá wúlò fún ènìyàn mọ́, ẹran ọ̀sìn a mu ún. Àwọn awakọ̀ máa ń fi àpò ìdọ̀họ tí wọ́n ti rẹ sínú omi wé kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kí afẹ́fẹ́ lè mú omi inú rẹ̀ tutù. Kò sí awakọ̀ tí ó gbọ́n tí yóò ka iye epo ọkọ̀ rẹ̀ kí ó tó ka iye omi rẹ̀.

Ohun tí omi lè ṣe sí ẹni tí ó ka ọ̀nà yìí sí eré hàn kedere ní oṣù Kẹwàá ọdún 1913 ó lé ọgọ́rùn-ún, èyíinì ni ọdún 2013. Ọkọ̀ àwọn arìnrìn-àjò kan tí wọ́n ń lọ sí Àlgéríà bà jẹ́ nínú aṣálẹ̀ ní àríwá Arlit, òùngbẹ sì pa ènìyàn 92. Obìnrin àti ọmọdé ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Láti irú ìrírí bẹ́ẹ̀ ni òfin àtayébáyé àwọn ará aṣálẹ̀ ti jáde: a kì í fi omi du ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, a kì í sì í bi í ní orúkọ kí ó tó mu ún. Èyí ni a lè pè ní òfin omi.

Bí ọjọ́ ti ń lọ

Àwọn Tuareg, tí èdè wọn ń jẹ́ Tamasheq, ni onílẹ̀ agbègbè náà. Wọ́n ń gbọ́ èdè Haúsá, èyí tí í ṣe èdè ọjà láti Kánò títí dé Agadez. Wọ́n ń fi Lárúbáwá bá àwọn ará àríwá ṣòwò, èdè Faransé sì ni ìwé ìjọba ń sọ. Ọmọdé ìlú ẹnu ibodè kì í jẹ́ elédè kan ṣoṣo, nítorí pé ẹni tí kò gbọ́ ohun tí èrò ń wí kò lè ta ọjà fún un.

Àfẹ̀mọ́jú ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá fi máa kan àtàrí, ìlú a dákẹ́ rọ́rọ́, olúkúlùkù a wá ibòòji lọ. Ìrọ̀lẹ́ ni ìlú tún ń jí. Láwàní gígùn ni àwọn ọkùnrin Tuareg máa ń wé, tí wọ́n fi ń bo imú àti ẹnu. Ọ̀ṣọ́ ni, ààbò kúrò lọ́wọ́ yanrìn sì ni pẹ̀lú. Bí àlejò bá wọlé, tíì ni wọn yóò gbé kaná. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n ń bu omi sí ewé tíì kan náà: ti àkọ́kọ́ a máa korò, ti ìkẹyìn a sì máa dùn. Ẹni tí ó bá dìde kí ó tó mu ìkẹta ti tàbùkù onílé. Ẹni tí ó bá mọ iye tí omi jẹ́ níbẹ̀ yóò mọ̀ pé ẹ̀bùn ńlá ni ife kékeré mẹ́ta náà.

Ohun tí ìlú náà ń jẹ

Àgbẹ̀ a máa wo ojú ọ̀run láti mọ̀ bóyá ọdún yóò dára; ará Assamaka, ibodè ni ó ń wò. Ohun ọ̀gbìn tí ó lè bọ́ ìlú kò sí níbẹ̀. Láti Àlgéríà ni makaróní, ìyẹ̀fun àlìkámà, mílíìkì lẹ́búlẹ́bú, dàbínù àti epo ọkọ̀ ti ń wá. Láti gúúsù ni àgùntàn àti ràkúnmí ti ń gòkè lọ sí ọjà Tamanrasset. Ohun tí ó mú kí òwò yìí lérè ni pé ìjọba Àlgéríà ń san lára owó oúnjẹ àti epo fún àwọn ará ìlú rẹ̀, nítorí náà ohun tí ó pọ́ọ́kú ní apá kan ààlà a di olówó ńlá ní apá kejì. Bí ààlà kò bá sí, èrè náà kò ní sí; bí ibodè bá sì tì, ebi dé.

Bí òwò ìlú náà ti ń yí padà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Láàárín ọdún 1970 sí 1990, àwọn òyìnbó máa ń wa ògbólógbòó ọkọ̀ Pijó láti ilẹ̀ wọn gba aṣálẹ̀ yìí kọjá, kí wọ́n lè tà á ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn Tuareg àti ìjọba Nìjẹ̀r, tí ogun abẹ́lé sì dé sí Àlgéríà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn oníPijó kò wá mọ́. Ọ̀nà wà níbẹ̀, èrò ni ó yí padà.

Ìlà tí a fà sórí yanrìn

Faransé ni ó ṣàkóso ìhà méjèèjì rí, ìlà tí ó wà láàárín wọn kò sì ju ìlà tí onílé kan fà láàárín yàrá rẹ̀ méjì lọ. Nìjẹ̀r gba òmìnira ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ ọdún 1960, Àlgéríà sì gba tirẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1962. Ní ọjọ́ náà ni ìlà yàrá di ààlà orílẹ̀-èdè. Ọ̀ràn yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá, nítorí pé ìlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní ọdún 1889 ni ó mú kí Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà ní ìhà kan, tí àwọn ìbátan wọn sì wà ní ìhà kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni Tuareg kan lè ní ẹ̀gbọ́n ní Tamanrasset àti àbúrò ní Arlit. Kànga ni ó ń pinnu ọ̀nà tí darandaran ń gbà, kànga kò sì mọ orílẹ̀-èdè.

Ṣùgbọ́n òfin ààlà yàtọ̀ sí òfin omi. Òfin omi kì í béèrè orúkọ. Òfin ààlà, ìwé ni ó kọ́kọ́ ń béèrè. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣe ní ọdún 1979 jẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Gánà tàbí ọmọ Màlì lè wọ ilẹ̀ Nìjẹ̀r láìgba fisà. Àlgéríà kò sí nínú àdéhùn náà, nítorí náà Assamaka ni ìlú tí àǹfààní náà ti máa ń dópin. Nìjẹ̀r fúnra rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyí ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2025. Ní ọdún 2015, Nìjẹ̀r ṣe òfin tí ó sọ kíkó àwọn aṣíkiri gba aṣálẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀, ó sì fagi lé e ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023.

Àwọn tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀

Ẹrù tí ó wúwo jù lọ fún Assamaka kì í ṣe àwọn tí ń lọ, bí kò ṣe àwọn tí a ń dá padà. Láti ìparí ọdún 2014 ni Àlgéríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ kó àwọn ọmọ Nìjẹ̀r tí kò ní ìwé padà sí ilẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn fi wọ inú rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n máa ń já sílẹ̀ ní ibi kan lẹ́bàá ààlà tí a ń pè ní Point Zéro, tí wọ́n á sì ní kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ rìn lọ. Nǹkan bí 15 kìlómítà ni ibẹ̀ sí Assamaka, nígbà púpọ̀ nínú òkùnkùn. Ẹni tí ó bá ṣì ọ̀nà, aṣálẹ̀ ni yóò wọ̀.

Láàárín ọjọ́ 11 oṣù Kìíní àti ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 2023, àwọn oníṣègùn tí ń ṣiṣẹ́ àánú níbẹ̀ ka ènìyàn 4,677 tí ó fi ẹsẹ̀ rìn wọ Assamaka. Ní ọdún 2024, àwọn tí Àlgéríà lé wá sí ilẹ̀ Nìjẹ̀r lé ní 31,000. Kí olùkà fi iye yìí wé àwọn onílé 1,500 náà: láàárín ọ̀sẹ̀ méje péré ní ọdún 2023, àlejò tí ó wọ ìlú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀ iye onílé.

Ibùdó kan wà fún gbígba àwọn àlejò wọ̀nyí, ṣùgbọ́n nígbà tí ó kún ní ọdún 2023, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni ọ̀pọ̀ ń sùn sí. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ibòòji a di ohun ìní. Bí oòrùn ti ń yí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń yí tẹ̀ lé òjìji ògiri kan náà. Omi tí ó tó ìdílé kan ni ìdílé mẹ́rin fẹ́ mu. Lóòótọ́, ẹni tí ń ta oúnjẹ ń rí owó díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó dé kò ní kọ́bọ̀ lápò, a kò sì lè ta oúnjẹ fún ẹni tí kò ní owó, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè jẹun lójú rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni wà tí wọ́n ń jáde lọ sí ìhà Point Zéro láti wá àwọn tí ó ṣubú lọ́nà. Kò sí òfin ìjọba kan tí ó ní kí wọ́n ṣe é. Òfin omi ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

Ìkádìí

Ohun tí ó yẹ kí a rí kọ́ nínú ìgbé ayé Assamaka ni pé ìlú ẹnu ibodè kì í ṣe òpin ayé gẹ́gẹ́ bí ó ti hàn lójú àwọn tí ó jìnnà sí i. Fún àwọn tí ń gbé níbẹ̀, àárín ayé ni: ibẹ̀ ni ilé, ibẹ̀ ni ibojì àwọn baba, ibẹ̀ ni tíì ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń pinnu bí ayé wọn yóò ti rí kò gbé níbẹ̀. Ní ọ́fíìsì tí ó jìnnà réré ni wọ́n ti ń ṣí ibodè, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń tì í, tí àpò makaróní kan tàbí èrò ẹgbẹ̀rún kan yóò fi dé láìròtẹ́lẹ̀.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Àwọn ará Assamaka ti ń da omi síwájú fún ọmọ ẹlòmíràn láti ọdún yìí wá, lára wọn sì ni ọmọ àwọn tí ń gbé lẹ́bàá ọ̀nà kan náà ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n kànga kan kò lè bọ́ orílẹ̀-èdè mẹ́wàá. Bí àwọn tí ó ń ṣe òfin ààlà kò bá bá wọn gbé nínú ẹrù náà, yóò di ọjọ́ kan tí onílé yóò ní láti béèrè orúkọ kí ó tó bu omi. Ọjọ́ náà ni aṣálẹ̀ yóò di aṣálẹ̀ ní tòótọ́.