Ìdí Tí A Fi Ń Lo Oògùn Ṣáájú Iṣẹ́ Abẹ Fún Jẹjẹrẹ Ọyàn

Bí a bá darí obìnrin kan láti Ṣakí tàbí Ìséyìn lọ sí ilé ìwòsàn U.C.H. ní Ìbàdàn nítorí jẹjẹrẹ ọyàn, òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ a ti múra ọkàn sílẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé oògùn ni dókítà yóò kọ́kọ́ pa láṣẹ fún un, fún oṣù mélòó kan. Ìbẹ̀rù a sì gba ọkàn wọn: àbí dókítà ti sọ ìrètí nù? Àbí ó ń fi àkókò ṣòfò? Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Kẹmotẹ́rápì ni orúkọ ìtọ́jú náà. Inú iṣan ni a sábà máa ń gbà fa oògùn rẹ̀ sí ara, lọ́pọ̀ ìgbà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Nígbà tí kókó bá ti tóbi jù, tí ó ti lẹ̀ mọ́ awọ ara tàbí tí ó ti dé abíyá, bí ó ti sábà máa ń rí láàárín àwọn obìnrin wa tí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó wá ìtọ́jú, ọ̀bẹ nìkan lè má kó gbogbo rẹ̀ tán. Oògùn náà lè sọ kókó di kékeré. Bí ó sì ti ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn káàkiri ara, a máa lépa èyí tí ó ti kúrò nínú ọyàn tí ojú kò rí. Àǹfààní mìíràn tún wà: níwọ̀n ìgbà tí kókó ṣì wà níbẹ̀, dókítà lè mọ̀ bóyá oògùn ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá súnkì, ó lè pa oògùn dà.

Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí ńlá kan bẹ̀rẹ̀ ní 1988 lórí obìnrin tí ó lé ní 1,500, tí kókó tiwọn ṣì ṣeé gé. Apá kan gba oògùn ṣáájú iṣẹ́ abẹ, apá kejì gba oògùn kan náà lẹ́yìn rẹ̀. Iye àwọn tí ó yè ní apá méjèèjì kò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ sí i nínú àwọn tí ó gba oògùn ṣáájú ni a kò gé ọyàn wọn kúrò pátápátá. Àwọn tí a kò sì rí jẹjẹrẹ kankan mọ́ nínú ẹran ara tí a gé ni wọ́n pẹ́ láyé jù lọ. A kò gbọdọ̀ retí irú èsì bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó pẹ́ jù kí ó tó wá.

Ibi tí ewu wà gan-an nìyí. Lẹ́yìn oògùn ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kókó lè dín kù títí kò fi ní ṣeé fọwọ́ bà mọ́. Owó ti tán, ọ̀nà jìn, abẹ sì ń ba ni lẹ́rù. Obìnrin náà a ní ara òun ti yá, a sì jókòó sílé. Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn mọ kùkùté tí iná jó dé ilẹ̀: a kò rí i mọ́, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ wà níbẹ̀, òjò ni ó ń dúró dè. Bí kókó tilẹ̀ pòórá, a ṣì ní láti gé ibi tí ó wà, kí a sì yẹ̀ ẹ́ wò; èsì àyẹ̀wò náà ni yóò tọ́ka sí ìtọ́jú tí ó kù. A kò dá ẹni tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́bi. Kí ó ṣáà sọ fún dókítà kí ó tó dáwọ́ dúró.

Irun lè re, yóò sì tún hù. Èébì àti àárẹ̀ wọ́pọ̀, oògùn sì wà fún èébì. Ṣùgbọ́n ibà kò ṣeé fi ṣeré, nítorí kẹmotẹ́rápì a máa dín agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń bá àrùn jà kù. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ tí yóò padà sí Ìbàdàn. Kí ó lọ lọ́gán sí ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ ọn, bí irú ti àwọn Onítẹ̀bọmi ní Ṣakí, kí ó sì mú káàdì ìtọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́, kí wọ́n lè mọ oògùn tí ó gbà àti ọjọ́ tí ó gbà á.