Ariwo ìbọn ń ba etí ọdẹ jẹ́, sàlẹ́ńsà kọ́ ló máa gbà á

Ẹni tó bá ti gun ọ̀kadà tí sàlẹ́ńsà rẹ̀ ti já láti Ìyànà Ọ̀fà dé Lálúpọn rí yóò mọ ohun tí à ń sọ. Ọ̀kadà kan ṣoṣo ni, àmọ́ gbogbo abúlé ló máa jí. Bí mẹkáníìkì bá ti dá irin yẹn padà sáyè rẹ̀, ariwo á rọlẹ̀. Ìbọn náà ní sàlẹ́ńsà tirẹ̀. Òun ni àwọn ọ̀dọ́ ń rí nínú fíìmù, tí wọ́n fi rò pé èèyàn lè yìnbọn kí ẹnikẹ́ni má gbọ́. Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ariwo ìbọn ń fi etí ọdẹ ṣe kì í ṣe irọ́ rárá.

Ará Amẹ́ríkà kan, Hiram Percy Maxim, ló gba ìwé àṣẹ lórí sàlẹ́ńsà ìbọn lọ́dún 1909. Orúkọ bàbá rẹ̀ kò ṣàjèjì nílẹ̀ Yorùbá: ìbọn Maxim tí bàbá náà ṣe wà lára ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn lọ́dún 1892. Bàbá ṣe ìbọn aláriwo, ọmọ wá ohun tó máa pa á lẹ́nu mọ́.

Bí ìbọn bá ti yìn, afẹ́fẹ́ gbígbóná ló ń tú jáde lójijì, òun ló ń bú gbàù. Sàlẹ́ńsà jẹ́ irin oníyàrá-yàrá tí wọ́n ń dè mọ́ ẹnu ìbọn, kí afẹ́fẹ́ náà lè tutù díẹ̀ kó tó jáde. Kò pa ariwo rẹ́. Ó kàn ń dín in kù ni, bíi dẹ́síbẹ́lì 20 sí 35. Àwọn ọdẹ ń lò ó ní Finland àti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ń yan èyí tó máa lò sára ìbọn ìléwọ́ gbọ́dọ̀ rí i pé ihò rẹ̀ bá ọta mu, kò sì gbọ́dọ̀ wúwo jù, kí ìbọn má bàa kọ̀ láti gbé ọta kejì. Èyí tí wọ́n ń lò fún ọta kékeré ló ń tètè dọ̀tí, torí òjé àti èédú máa ń dì sínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yan irú èyí tó ṣeé tú palẹ̀, kí wọ́n lè fọ̀ ọ́.

Nílé wa ńkọ́? Òfin ìbọn ọdún 1959 kà ìbọn ìléwọ́ mọ́ ohun èèwọ̀ tó jẹ́ pé Ààrẹ nìkan ló lè fúnni láṣẹ rẹ̀. Ìbọn ọlọ́ta tí a fi ń ṣọdẹ nílò ìwé àṣẹ, ṣakabùlà náà nílò rẹ̀. Sàlẹ́ńsà kò sì wúlò fún ṣakabùlà, torí èéfín ẹ̀tù dúdú á tètè dí i.

Ẹ̀yin bàbá wa ọdẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo etí yín. Ìró ìbọn máa ń kọjá dẹ́síbẹ́lì 140, èyí tó lè ba etí jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ń gbé ìbọn lé èjìká ọ̀tún, etí òsì ló sábà máa ń kọ́kọ́ di, torí òun ló sún mọ́ ẹnu ìbọn jù. Kì í ṣe ọjọ́ ogbó nìkan ló ń ṣe é. Etí tó bá ti kú báyìí, kì í jí mọ́.

Òótọ́ ni pé ọdẹ kò lè dí etí nínú igbó, torí etí ló fi ń gbọ́ ẹran. Àmọ́ níbi ìsìnkú àti ìṣípà ọdẹ, tí a ti máa ń yìnbọn léraléra, kò sí ẹran tí à ń dẹ níbẹ̀. Ẹ fi ohun ìdítí tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la pákó ń lò dí etí, torí òwú lásán kò tó. Ẹ sì lé àwọn ọmọdé jìnnà.

Ẹ̀tù dúdú ní imí ọjọ́ àti èédú nínú. Ohun tó bá ṣẹ́ kù nínú ìbọn máa ń fa omi mọ́ra, ó sì ń jẹ irin. Irin tó bá ti jẹrà ni ó máa ń bẹ́ sí ọdẹ lójú. Kí ẹ tó nu ìbọn, ẹ fi ọ̀pá tí ẹ fi ń kì í wọ̀n ọ́n: bí kò bá dé ìsàlẹ̀, nǹkan wà nínú rẹ̀. Ẹ jìnnà sí iná àti sìgá. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ inú rẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ bá yìn ín gan-an, kí ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ wá fi epo díẹ̀ rà á. Amọ̀ tàbí ewé kékeré tó dí ẹnu ìbọn lè mú kó bẹ́.

Òjé tí ẹ ń kì sínú ìbọn lóró. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé ni òjé pa ní ìpínlẹ̀ Zamfara lọ́dún 2010, nígbà tí wọ́n ń wa góòlù. Ẹ fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó jẹun, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ fi àkísà tí ẹ fi nu ìbọn ṣeré.

Ọdẹ tí kò bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹran mọ́, ìbọn tó dára jù lọ kò lè ràn án lọ́wọ́.