Ẹ̀yin oníṣòwò tó ń fowó ránṣẹ́ sókè òkun, ẹ yẹ orúkọ àti àdírẹ́sì yín wò kó tó pẹ́

Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá tó ń ṣòwò ní Kánò, Jọ́ọ̀sì, Kàdúná, Port Harcourt àti Onitsha ló ń ra ọjà láti Ṣáínà, Dubai tàbí Íńdíà. Báńkì la sì ń gbà sanwó. Láìpẹ́ yìí, àwọn báńkì ti ń béèrè ohun tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ béèrè tẹ́lẹ̀: ìlú wo gan-an ni ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ sanwó fún wà? Kí ni nọ́ńbà ilé rẹ̀? Kí lowó náà wà fún? Àwọn kan rò pé wọ́n kàn fẹ́ fayé ni wá lára ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn báńkì ń gbà ránṣẹ́ síra wọn ló yí padà.

Kí ló yí padà?

Tá a bá fowó ránṣẹ́ sókè òkun, owó fúnra rẹ̀ kì í wọkọ̀ òfuurufú. Iṣẹ́ ni báńkì kan ń rán sí èkejì: ẹ yọ iye báyìí nínú àkáǹtì wa tó wà lọ́dọ̀ yín, ẹ san án fún lágbájá. SWIFT, àjọ tí àwọn báńkì dá sílẹ̀ ní Bẹ́ljíọ̀mù lọ́dún 1973, ló ń bá wọn gbé iṣẹ́ náà. MT103 ni wọ́n ń pe èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ fún owó oníbàárà. Ààyè inú rẹ̀ kéré: ìlà mẹ́rin péré ló wà fún orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó fẹ́ gbowó, lẹ́tà 35 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ńṣe ni wọ́n ń rọ́ gbogbo ẹ̀ sínú àpò kan.

ISO 20022 lorúkọ ìlànà tuntun. Nínú tiẹ̀, orúkọ ní àyè tirẹ̀, òpópónà ní tirẹ̀, ìlú àti orílẹ̀-èdè náà ní tiwọn. Láti oṣù kẹta ọdún 2023 ni àwọn báńkì ti ń lo méjèèjì pọ̀, kó tó di pé àsìkò àtijọ́ dópin ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 2025. Nílé níbí náà, CBN pàṣẹ lọ́dún 2025 pé káwọn báńkì àtàwọn ilé-iṣẹ́ ìsanwó bọ́ sínú ìlànà yìí.

Ibo ló ti kàn wá?

Kọ̀ǹpútà ló ń ka iṣẹ́ náà, tó sì ń fi orúkọ wé ti àwọn tí ìjọba àgbáyé fòfin dè. Bí àdírẹ́sì bá dà rú, tí òpópónà kan sì ń jẹ́ orúkọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n fòfin dè, kọ̀ǹpútà lè dá owó náà dúró títí èèyàn á fi yẹ̀ ẹ́ wò. Títí dìgbà yẹn, oníbàárà yín ò ní kó ọjà sọ́kọ̀. Bí wọ́n bá wá dá owó náà padà, àwọn báńkì tó gbà kọjá lè yọ owó tiwọn.

Oṣù kọkànlá ọdún 2026 ni gbèdéke tó kàn. Látìgbà yẹn, àdírẹ́sì tí wọ́n kàn dà pọ̀ mọ́ra ò ní kọjá mọ́. Ó kéré tán, ìlú àti orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ wà láyè tiwọn.

Ohun tó yẹ ká ṣe

1. Orúkọ: ẹ jẹ́ kí orúkọ ilé-iṣẹ́ yín ní báńkì bá ti inú ìwé CAC mu. Ẹ má kọ "Ventures" níbì kan kẹ́ ẹ kọ "Enterprises" níbòmíì. Ẹ má fi àmì ohùn sí i.

2. Ìlú: ọ̀pọ̀ wa ló fi ilé tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà forúkọ sílẹ̀, nígbà tí ṣọ́ọ̀bù wà ní Sabon Gari. Ẹ bá báńkì àti CAC tún un ṣe. Kánò ni ìlú, àdúgbò ni Sabon Gari. "Lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, ẹ̀gbẹ́ ilé epo" kì í ṣe àdírẹ́sì.

3. Ẹni tó ń tajà fún yín: ẹ ní kó fi orúkọ, òpópónà, ìlú, orílẹ̀-èdè àti kóòdù SWIFT báńkì rẹ̀ ránṣẹ́. Lẹ́tà tàbí nọ́ńbà 8 tàbí 11 ni kóòdù náà máa ń jẹ́. Ti Dubai gbọ́dọ̀ ní IBAN tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú AE. Àwọn ará Ṣáínà kì í lo IBAN, ẹ má yọ wọ́n lẹ́nu.

4. Ìdí owó: ẹ kọ irú ọjà àti nọ́ńbà invoice. "Business" nìkan ò tó.

5. Àwọn tẹ́ ẹ ti tọ́jú orúkọ wọn sórí áàpù báńkì: ẹ ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ fi ohun tó kù kún un.

Ẹ ṣọ́ra fún gbájúẹ̀

Ìlànà tuntun yìí ò yí nọ́ńbà àkáǹtì ẹnikẹ́ni padà. Bí ímeèlì bá wọlé pé "nítorí ISO 20022, ẹ máa sanwó sí àkáǹtì tuntun yìí," ẹ má san kọ́bọ̀. Nọ́ńbà fóònù tẹ́ ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi pe oníbàárà yín. Ẹni tó bá sì ní òun nílò PIN tàbí OTP yín láti fi tún àkáǹtì yín ṣe, olè ni.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé àti orúkọ náà ni báńkì ń wò báyìí. Ẹ jẹ́ ká mẹ́nu bà á nípàdé ẹgbẹ́ tó ń bọ̀, káwọn ọmọ wa tó mọ iṣẹ́ báńkì sì ran àwọn bàbá àti ìyá wa lọ́wọ́ láti kọ fọ́ọ̀mù wọn.